Ife Tí Wọn Kì Í Fi Aṣọ Nù

Ẹ dákun, ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ọ̀rọ̀ bíà àti ọsàn kíkan ni, ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó fún ọkọ rẹ̀ ní ọṣẹ mu fún ọdún mẹ́rin gbáko láì mọ̀, tí ọkọ náà sì ń sọ pé ó ṣeun. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èjìká rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Dánbídígí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ọdún méjìlélógún ló ti fi lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, bó bá sì ti gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, eṣinṣin tó bá bà síbẹ̀ á yọ̀ ṣubú ni. Ẹ̀yìn pátápátá ni yàrá ìlọṣọ wà. Tábìlì mẹ́fà, páìpù tó ń mí ooru jáde bí ẹni tó sáré gun òkè, fèrèsé kan ṣoṣo tó ga débi tó jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn lè rí níbẹ̀. Inú ooru yìí làwọn obìnrin mẹ́fà máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òógùn ò dá, ẹnu náà ò dá.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Dánbídígí fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù sókè, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó pẹ́ tó ti ń dùn ún, ó sì pẹ́ tí òun náà ti ń fi èpè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, apá náà kàn dúró gan-an bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó rí òkè. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Ìyá, apá yìí ti lo ọjọ́ tirẹ̀ tán nídìí áyọ́ọ̀nù. Ẹ lè fi jẹun. Ẹ lè fi gbé ife. Ẹ lè fi juwọ́ sí ọ̀rẹ́ yín, bí ọ̀rẹ́ náà ò bá jìnnà. Ṣùgbọ́n aṣọ lílọ̀ ti parí.”

Ọ̀gá tó ni ilé ìfọṣọ náà kì í ṣe ìkà obìnrin. Ìyá tó bí i ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, àárín agbọ̀n aṣọ ló ti kọ́ ìrìn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó fẹ́ fi alọṣọ tí kò lè lọ aṣọ sí. Ó jókòó, ó ń fi bírò gbá eyín iwájú rẹ̀ kọ́kọ́kọ́, ó wá ní:

“Ṣé o mọ ìdí fèrèsé tó wà níwájú yẹn, níbi tí ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ máa ń jókòó sí kó tó kó lọ? Ó ṣófo. Àwọn oníbàárà ń jókòó de aṣọ wọn lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wo ògiri, ògiri ń wò wọ́n, inú ń bí wọn. Bí o bá lè fún wọn ní ohun mímu kan tó tuni lára, tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n lè rí rà ní òdìkejì títì, ibẹ̀ di tìẹ. Gbé e wá kí n tọ́ ọ wò lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá wá dáa, Dánbídígí, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe fún ọ o.”

Ohun mímu kẹ̀? Dánbídígí fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín lójú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń bi ẹja bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀!

Torí pé ohun mímu kan wà tó máa ń ṣe nílé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ṣáńdì lẹlòmíì ń pè é. Ìdajì-ìdajì lòun ń pè é: ìdajì bíà, ìdajì omi ọsàn, tútù rinrin. Kì í pa èèyàn bí ọtí, kì í sì í jẹ́ kí òùngbẹ rántí ọ̀nà ilé. Á mú ọsàn kíkan mẹ́jọ, àwọn aláwọ̀ ìyeyè yẹn, á fi àtẹ́lẹwọ́ yí wọn mọ́ orí tábìlì títí wọn á fi rọ̀ bí etí. Á gé wọn, á fún omi wọn jáde, á yọ́ ṣúgà nínú omi gbígbóná, á dà á sí i, á wá fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ kí kóró má bàa há ẹnikẹ́ni léyín. Ó di inú fíríìjì, òun àti ìgò bíà. Ìgbà tí ìgò bá ń làágùn ló tó. Á bu omi ọsàn sínú ife dé ìdajì, á ta omi sódà díẹ̀ sí i, á dẹ ife náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì jẹ́ kí bíà máa yọ́ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àlejò tó pẹ́ dé. Kì í fi ṣíbí rò ó. Ẹni tó bá rò ó ti lé ẹ̀mí inú rẹ̀ jáde nìyẹn.

Ife tirẹ̀ wá ńkọ́? Áà, ife! Ó máa ń fọ ife bí ẹni tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ìyàwó. Ọṣẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, omi ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà á mú aṣọ funfun tó ti rì sínú sítáàṣì àti omi olóòórùn dídùn, á máa fi nù ún títí ife á fi ké fín-ín. Ẹ lè wo ojú ara yín nínú rẹ̀ kí ẹ sì fi gé irun.

Ó ṣe díẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí iṣẹ́ parí. Àwọn obìnrin yàrá ìlọṣọ mu ún, wọ́n lá ètè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Akáṣọ, torí òun ló ń ká gbogbo ohun tí wọ́n bá ti lọ̀, mu ife méjì.

“Dánbídígí, bí ọ̀gá bá fi lè kọ èyí, kí wọ́n tètè gbé e lọ ilé ìwòsàn!”

“Ṣé ẹ ò kàn ń tàn mí?”

“Kí ni mo fẹ́ jẹ lára rẹ tí màá fi tàn ọ́? Fi ife kẹta kún un, kí n lè tàn ọ́ dáadáa.”

Inú Dánbídígí dùn débi pé èjìká rẹ̀ gbàgbé láti dùn ún. Ọkàn rẹ̀ ti jókòó sídìí fèrèsé kí ara rẹ̀ tó débẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wọn. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Eyín rẹ̀ ò pé mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pé. Dánbídígí fi àga fún un, ó fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ó bu ìdajì-ìdajì sínú ife tó dára jù lọ nílé, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ọkọ rẹ̀ jókòó ní tòsí, aránbàtà ni, sùúrù rẹ̀ sì nípọn ju awọ tó ń rán lọ.

Ìyá mu ẹ̀kún ẹnu kan. Ó wo ife. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ìyàwó mi.”

“Ìyá.”

“Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Háà! Ìyá, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi o. Kí ló dé?”

“Ṣé ìfun mi ló dọ̀tí ni? Kí ló dé tí o fi ń fi ọṣẹ fọ̀ mí nínú?”

Dánbídígí gba ife náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ọsàn ló gbọ́, bíà ló gbọ́. Ó bojú wo ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ lọkọ ń wò, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́.

“Bàbá Bàtà, ṣé ọṣẹ wà nínú ẹ̀?”

Ọkùnrin náà wúkọ́. “Ó... ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀.”

“Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà wo?”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Ọdún mẹ́rin!”

“Mo rò pé bí ọsàn ṣe máa ń rí nìyẹn bó bá pàdé bíà. Àti pé, ẹni tó ti dúró nínú ooru láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó tún wá dúró ní Sátidé kó lè fún mi ní ohun tútù mu, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé ọtí rẹ̀ ń hó?”

Ìyá mi orí. “Ọmọ mi, mo kọ́ ọ ní ìwà pẹ̀lẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó jọ pé mo kọ́ ọ jù.”

Dánbídígí ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó mú odindi ọṣẹ, ó fi lé ihò imú, ó fà á símú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Bí ìgbà tó ń gbọ́ òórùn òkúta ni. Ó mú aṣọ funfun tó fi ń sẹ́ ọsàn, ó mú èyí tó fi ń nu ife, bákan náà ni. Ọdún méjìlélógún nínú ọṣẹ, ọṣẹ ti di afẹ́fẹ́. Ta ní ń gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́?

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ kejì wá yé e, ó sì jókòó sórí àpótí. Àwọn obìnrin yàrá ìlọṣọ ò purọ́ fún un. Òtítọ́ inú wọn ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n imú tó wà lójú tirẹ̀ náà ló wà lójú wọn. Afọ́jú mẹ́fà ló ti pé jọ, tí wọ́n ní aṣọ náà pupa dáadáa!

Ọjọ́ méjì péré ló sì kù.

“Ìyá,” ó ní, nígbà tó padà wá síta, “báwo lẹni tí kò gbọ́ òórùn ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí òórùn tán?”

“Imú tèmi wà níbí,” ni ìyá wí. “Mo yá ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ jókòó sídìí fèrèsé kankan o. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń padà sílé mi.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Imú àyálò ò ṣeé ṣòwò lójoojúmọ́. Dánbídígí ní láti wá àmì tí òun fúnra rẹ̀ lè rí.

Níbí yìí lẹ ti máa fẹ́ràn rẹ̀! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó ife méjì kalẹ̀. Ó fọ ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe, ó fi aṣọ nù ún títí ó fi ké fín-ín. Èkejì, ó ṣàn án lómi lásán, ó tún ṣàn án, ó tún ṣàn án, ó sì dojú rẹ̀ dé orí wáyà kó máa ro omi fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí aṣọ kankan sún mọ́ ọn. Fún ọsàn, ó ti aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi asẹ́ onírin sẹ́ òmíràn. Ó da ìdajì-ìdajì tuntun yìí sínú ife méjèèjì, ó tẹjú mọ́ wọn.

Nínú ife tó fi aṣọ nù, ìfófó ru sókè bí òfófó, kó o sì tó sọ pé “ó dáa,” ó ti tán. Ọtí náà dúró pẹrẹsẹ bí omi inú agbada. Nínú ife tó ro fúnra rẹ̀, ìfófó jókòó, ó nípọn, ó funfun, kò kánjú lọ síbì kankan. Ìyá sì ń mu ún, bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń fi òrùka funfun sílẹ̀ lára ife, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.

“Èwo lọṣẹ wà nínú ẹ̀, Ìyá?”

“Èyí tí mi ò mu,” ni ìyá wí, ó sì na ife tó mu tán jáde pé kí wọ́n tún bu sí i.

Ọṣẹ ló ń pa ìfófó! Dánbídígí pariwo. Imú rẹ̀ lè kú, ojú rẹ̀ ò kú! Ó tún fi ìka pa etí ife tó tutù. Èyí tó ní ọṣẹ ń yọ̀. Èyí tó mọ́ ń di ìka mú. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ lára ife, ojú sì tì í. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìfọṣọ, ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀: fi ìka pa aṣọ, bó bá ṣì ń yọ̀, omi rẹ̀ ò tíì tó, torí ṣẹ́ẹ̀tì tí ọṣẹ kù nínú rẹ̀ máa pọ́n lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Kò tíì fi ọṣẹ sílẹ̀ rí nínú aṣọ àjèjì. Ife ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ sí.

Bàbá Bàtà mu ife kan lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tó dé láti ìsọ̀. Ó mu ún tán, ó ń wo ìdí ife.

“Báyìí ló ṣe yẹ kó máa rí?” ó béèrè wẹ́rẹ́.

“Báyìí ni.”

“Sátidé igba ó lé,” ó ní, ó sì gbé ife síwájú. “Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Dánbídígí kó ife mẹ́jọ lọ, ó dojú wọn dé orí wáyà nídìí fèrèsé iwájú, omi ń kán lára wọn. Ó wá lọ sẹ́yìn lọ gbé ìgò tó ti kó sínú yìnyín. Akáṣọ kọjá níbẹ̀. Ó rí ife tó tutù. Ó ní háà, ọ̀rẹ́ mi, òní tí ọ̀gá fẹ́ wá wò ó? Tìfẹ́tìfẹ́ ló mú aṣọ funfun tó dáa jù lórí tábìlì rẹ̀, ó nu gbogbo ife mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó tún dojú wọn dé bí wọ́n ṣe wà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Ọ̀gá dé. Ó wo aago rẹ̀. “Ẹni tó ń tún bọ́ílà ṣe ń dúró dè mí. Ó yá.”

Dánbídígí bu omi ọsàn, ó ta omi sódà sí i, ó dẹ ife, ó da bíà. Ó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá gbé e sókè lọ sẹ́nu, ìgbà yẹn ni Dánbídígí rí i. Ìfófó ti tán. Pẹrẹsẹ! Ó wo ife yòókù. Wọ́n gbẹ táútáú, wọ́n ń dán bí dígí.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ mu ọtí yìí, inú ọṣẹ ni wọ́n bí i sí. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Á mu ún, á ní ó dùn, ìdí fèrèsé á di ti Dánbídígí lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀gá tó dé ọ̀dọ̀ oníbọ́ílà. Gbogbo ohun tó kù fún Dánbídígí láti ṣe kò ju kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ló jókòó lórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n ń wò wọ́n. Imú àwọn yẹn ò kú.

Ó na ọwọ́ òsì, ó gba ife náà lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún!”

“Kí nìyẹn? Ẹnu mi lo ti ń já nǹkan gbà?”

“Ọṣẹ wà nínú ẹ̀.”

Ọ̀gá gba ife náà padà, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e mì. “Kò sí ọṣẹ kankan níbẹ̀. Ó dùn. Ó dáa. Kí ló ń ṣe ọ́ lónìí?”

“Ọ̀gá, èmi àti ẹ̀yin ò lè gbọ́ ọ. Imú wa ti kú. Àwọn oníbàárà ló máa gbọ́ ọ. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Mo ní ó dáa! O ń bá ara rẹ jà?”

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá.”

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó kó ife méjì lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣàn wọ́n, ó fi ìka pa wọ́n, ó tún ṣàn wọ́n. Akáṣọ yọjú láti ẹ̀yìn, ó rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Mo rò pé mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni!”

“Ìrànlọ́wọ́ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò níbí. Lọ ká aṣọ rẹ.”

Inú ń bí ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lọ. Nígbà tí ife titun dé, tó ṣì tutù, ó kó àtijọ́ àti tuntun, ó gbé wọn lọ síwájú olùkọ́ kan tó ń dúró de kóòtù rẹ̀.

“Ẹ bá wa tọ́ méjèèjì wò. Òótọ́ ni kí ẹ sọ o.”

Olùkọ́ náà mu èkíní. Ojú rẹ̀ rún bíi ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì lọ̀. “Ẹ má bínú o, mà. Ṣé mímu ni èyí, àbí ìfọwọ́ ni?”

Ó mu èkejì. Ó tún mu ún. Ó wá fi ara ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. “Aṣọ mi,” ó ní, “ẹ má kánjú lórí ẹ̀.”

Ọ̀gá dúró bí òpó láàárín yàrá. Ẹ rí i pé nǹkan kan ń lọ nínú orí rẹ̀.

“Dánbídígí.”

“Ọ̀gá.”

“Tíì tí mo máa ń fún àwọn àlejò ní ọ́fíìsì mi, inú kọ́ọ̀bù tí mò ń fi aṣọ wa nù...”

“Ọ̀gá, mi ò sọ nǹkan kan o.”

“Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin báńkì yẹn fi máa ń sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì nílé ni! Ọdún méje ló fi ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì nílé!”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ńṣì mú, gbogbo yàrá sì gbà á. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó nu ojú rẹ̀.

“O já ife gbà lẹ́nu ọ̀gá rẹ nítorí oníbàárà tí kò tíì san kọ́bọ̀ fún ọ. Kí ni mo tún ń tọ́ wò? Ó di ọjọ́ Ajé. Ìwọ ni kó o máa fọ ife fúnra rẹ.”

Ìdí fèrèsé iwájú ló wà báyìí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i láti ojú títì, apá ọ̀tún rẹ̀ sinmi lórí tábìlì bí ìyá àgbà, apá òsì ló ń ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ wá, omi ọsàn nìkan ló máa ń fún un, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí i lọ́kàn padà. Àwọn kan ti ń mú aṣọ tó mọ́ wá fún fífọ̀, kí wọ́n lè rí ìdí jókòó.

Bí ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ wá ọsàn kíkan díẹ̀, ẹ wá ìgò bíà kan tó tutù, ẹ kó ife méjì kalẹ̀ nínú ilé yín. Ẹ fi aṣọ tí ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀ nu ọ̀kan, ẹ ṣan èkejì lómi dáadáa kí ẹ sì jẹ́ kó ro fúnra rẹ̀. Ẹ da ọtí sí i, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn. Ẹ lọ wò ó fúnra yín.